Muda Lawal: ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó di òpó ikọ̀ IICC lọ́dún 1976

Bí ẹ bá jókòó ti àwọn bàbá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ní Ìgbàrà-Odò Èkìtì, tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì délẹ̀, kì í pẹ́ tí wọn yóò fi pa àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlú Ọba lónìí tì, tí wọn yóò padà sórí ikọ̀ IICC Ìbàdàn. Tí wọ́n bá sì ti dé orí IICC, orúkọ Muda Lawal kò ní jìnnà sí ẹnu wọn mọ́. Ẹni tó ń kọ ìròyìn yìí kò tíì dáyé nígbà tí ọkùnrin náà ń gbá bọ́ọ̀lù, kódà ó ti kú kí wọ́n tó bí wa. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe lọ́dún 1976 nìkan tó ohun tí èèyàn ń jókòó sọ.

Mudaṣiru Babatunde Lawal ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, ọdún 1954. Kì í ṣe ọmọ olówó rárá. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́ kí bọ́ọ̀lù tó gbà á lọ́wọ́ sípánà. Ẹ sì mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí: ọmọ iṣẹ́ á wà lábẹ́ mọ́tò láti àárọ̀, epo dúdú á kún apá àti aṣọ rẹ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ló tó lè sá lọ sí pápá.

Ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ló wà nígbà náà tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ohun tó ya Muda sọ́tọ̀ ni pé kì í rẹ̀ ẹ́. Àárín pápá ló ń gbá. Ẹ óò rí i níbi tó ti ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò nítòsí ilé tiwọn, kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti dé iwájú ilé kejì. Àwọn tó wà níwájú, bíi Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí tó jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn bíi tirẹ̀, ni aráyé ń pariwo orúkọ wọn, ṣùgbọ́n Muda ló sábà máa ń gbé bọ́ọ̀lù bá wọn. Ẹni tó ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ rí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi tó ń dán lára mọ́tò ló ń mú un rìn.

IICC tó lọ gbá bọ́ọ̀lù fún kì í ṣe ikọ̀ kékeré. WNDC ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, nígbà tó wà lábẹ́ àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fi gba ife Challenge Cup lọ́dún 1971. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sábẹ́ Industrial Investment and Credit Corporation, ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ibẹ̀ ni IICC ti wá. Ìdí nìyí tí ará Èkìtì, ará Oǹdó, ará Ìjẹ̀bú àti ará Ọ̀yọ́ fi gbà pé ikọ̀ àwọn ni. Olóyè Lekan Salami, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré Adamásìngbà, wà lára àwọn tó fi owó, ariwo àti ara wọn ti ikọ̀ náà lẹ́yìn.

Nígbà tó di ọjọ́ 3, oṣù kejì, ọdún 1976, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ìgbàrà-Odò àti gbogbo Èkìtì bọ́ sí Oǹdó, Abẹ́òkúta ìlú Muda bọ́ sí Ògùn, IICC sì kù sí Ìbàdàn ní Ọ̀yọ́. Èkìtì kò di ìpínlẹ̀ tirẹ̀ títí di ọdún 1996. Àmọ́ wọ́n pín ilẹ̀ ni o, wọn kò lè pín bọ́ọ̀lù. Lọ́dún yẹn gan-an, nígbà tí ìpínlẹ̀ tó ni ikọ̀ náà ti pín sí wẹ́wẹ́, ni ikọ̀ ọ̀hún wá gba ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbà rí ní Nàìjíríà. Àwọn tí kò lè dé Ìbàdàn fi etí ti rédíò alábátìrì.

Ẹ jẹ́ ká tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ní ìparí oṣù kejì, Muda àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Green Eagles, ikọ̀ àgbà orílẹ̀-èdè wa, wà ní Etiópíà fún ìdíje ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ ṣáájú ìgbà náà tí wọ́n pa Murtala ní Èkó. Pẹ̀lú ọ̀fọ̀ yẹn lọ́rùn, wọ́n ṣe ipò kẹta. Mòrókò gba ife, Gínì ṣe ìkejì. Ìdíje Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Muda lọ nìyẹn, kò sì tíì pé ọdún méjìlélógún.

Òlíńpíìkì tó yẹ kó wáyé ní Montreal ní Kánádà lóṣù keje ló kàn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa fara balẹ̀ sí, nítorí eré tí ọ̀pọ̀ wa kò fojú rí rí ló da ètò àwọn ọmọ náà rú. Rọ́gíbì ni wọ́n ń pe eré ọ̀hún. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò rí rogodo bíi tiwa, ó gùn bí ẹyin. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, wọn a máa rọ́ lu ara wọn, wọn a máa fa ara wọn lulẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò fọn fèrè sí wọn nítorí ìyẹn. Àwọn òyìnbó Gúúsù Áfíríkà fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn ẹ̀sìn.

Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ló wà níbẹ̀ láyé ìgbà náà. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, ọdún 1976, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn ọmọ iléèwé aláwọ̀ dúdú ní Soweto, nítorí pé àwọn ọmọ náà ń wọ́de pé àwọn kò fẹ́ kí wọ́n máa fi èdè Afrikaans kọ́ àwọn lẹ́kọ̀ọ́ tipátipá. Ẹ̀jẹ̀ wọn kò tíì gbẹ nílẹ̀ tí ikọ̀ rọ́gíbì New Zealand, tí wọ́n ń pè ní All Blacks, fi gúnlẹ̀ sí Gúúsù Áfíríkà láti bá àwọn òyìnbó náà ṣeré. Oṣù kẹfà yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré wọn.

Àwọn olórí eré ìdárayá ilẹ̀ Áfíríkà kò gbà. Ọmọ Nàìjíríà, Abraham Ordia, ni ààrẹ ìgbìmọ̀ wọn. Wọ́n ní àfi kí àjọ Òlíńpíìkì lé New Zealand kúrò ní Montreal. Àjọ náà fèsì pé rọ́gíbì kò sí lára eré Òlíńpíìkì, ọ̀rọ̀ náà kò sì kan àwọn. Ni Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó lé ní 20, tó jẹ́ pé Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, bá palẹ̀ ẹrù wọn mọ́.

Ikọ̀ bọ́ọ̀lù wa ti dé Kánádà nígbà náà. Wọ́n ti pín wọn sí ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú Brazil, Sípéènì àti Jámánì Ìlà-Oòrùn. Àṣẹ dé láti ilé kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Wọ́n kó bàtà sínú báàgì, wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú padà. Jámánì Ìlà-Oòrùn tó yẹ kí wọ́n bá figẹ̀ wọngẹ̀ nísọ̀rí yẹn ló padà gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà, nígbà tí wọ́n fi àmì ayò mẹ́ta sí ẹyọ kan na Poland.

Lójú tèmi, ohun tí Nàìjíríà ṣe yẹn dára, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí ọmọlúàbí lè gbà. Àmọ́ kò yẹ ká máa sọ ọ́ bí ẹni pé ìjọba ló san owó rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìgbà ẹsẹ̀ wọn kò ju ọdún mẹ́wàá lọ ló san án. Muda Lawal wà nínú ọdún rẹ̀ tó dára jù, agbára kún ara rẹ̀, bọ́ọ̀lù tí kò mọ̀ rí, tí kò sì gbá rí, ló sì gba Brazil àti Jámánì mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ó padà sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀ níbẹ̀, nítorí IICC wà nínú ìdíje àwọn tó gba ife ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní African Cup Winners' Cup. Nígbà tí wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá, Zamalek ti Íjíbítì ni wọ́n bá pàdé. Ní Cairo, Zamalek fi àmì ayò méjì sí òdo nà wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé ó parí. Nígbà tí àwọn ará Íjíbítì dé Ìbàdàn, IICC náà jẹ méjì sí òdo, ó wá di pé kí wọ́n fi pẹnáritì yanjú rẹ̀. Best Ogedegbe ló wà nílé fún IICC, IICC ló sì jáwé olúborí.

Tonnerre ti Yaoundé, ní Kamẹrúùnù, ló kù. Roger Milla, ẹni tí gbogbo ayé padà mọ̀ ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé ọdún 1990, wà nínú ikọ̀ yẹn, ọmọdé ni nígbà náà. Abala kìíní wáyé ní Ìbàdàn. Àmì ayò mẹ́rin sí ẹyọ kan ni IICC fi lù wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé Yaoundé, Tonnerre jẹ ẹyọ kan, kò tó nǹkan. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin sí méjì. Bí ife Áfíríkà ṣe wọ Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọwọ́ ikọ̀ ìlú nìyẹn. Rangers ti Enugu, tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá IICC lórí pápá, ti ṣe títí kò bọ́ sí i fún wọn. Lọ́dún kan náà, IICC tún gba ife líìgì Nàìjíríà.

Rangers gbẹ̀san lọ́dún tó tẹ̀lé e. Wọ́n pàdé IICC nínú ìdíje Áfíríkà kan náà, ọ̀mì ni ní Èkó, ọ̀mì ni ní Kàdúná, pẹnáritì ló sì lé IICC jáde. Ọdún yẹn náà ni Nàìjíríà pàdánù ife ẹ̀yẹ àgbáyé sọ́wọ́ Túnísíà ní Èkó, nígbà tí ọmọ wa kan fi orí gbá bọ́ọ̀lù sílé ara wa. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Èyí tí àwọn tí kò mọ IICC pàápàá fi mọ Muda ni ti ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980. Pápá ìṣeré Sùúrùlérè kún dẹ́nu, Ààrẹ Shehu Shagari jókòó, Nàìjíríà sì ń bá Àlùjíríà gbá àṣekágbá ife Áfíríkà. Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé kí wọ́n tó lọ sinmi. Nígbà tí wọ́n padà dé, Muda Lawal gbá ẹ̀kẹta wọlé, Àlùjíríà kò rí ẹyọ kan jẹ. Ife Áfíríkà àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa gbà nìyẹn. Lọ́dún yẹn kan náà ló tún lọ sí Òlíńpíìkì, èyí tó wáyé ní Mọ́sìkò. Nàìjíríà kò ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbá a.

Ó tún lọ sí ti Líbíà lọ́dún 1982. Lọ́dún 1984, ní Abidjan, Nàìjíríà tún dé àṣekágbá, wọ́n sì kojú Kamẹrúùnù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n ti gbá nígbà tí Muda jẹ góòlù. Kamẹrúùnù padà jẹ mẹ́ta, ife sì bọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ìdíje Áfíríkà márùn-ún léraléra, 1976 títí dé 1984, kò fo ọ̀kan. Ipò kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ipò kìíní lẹ́ẹ̀kan, ipò kejì lẹ́ẹ̀kan, góòlù sì wà fún un nínú àṣekágbá méjèèjì tó gbá. Àwọn tó rí irú rẹ̀ ṣe nílẹ̀ Áfíríkà kò pọ̀.

Nígbà tó kúrò ní Ìbàdàn, ó padà sí ìlú rẹ̀, Abẹ́òkúta, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Abiola Babes, ikọ̀ Olóyè M.K.O. Abiola.

Tí a bá ń sọ ti owó, inú kì í dùn. Láyé Muda, kò sí ohun tó ń jẹ́ pé agbábọ́ọ̀lù ń fi bọ́ọ̀lù nìkan ṣiṣẹ́ jẹ ní Nàìjíríà. Owó oṣù kékeré láti ilé-iṣẹ́ tó ni ikọ̀, àti ẹ̀bùn nígbà tí wọ́n bá gba ife, ni wọ́n ń rí. Àwọn tó gba ife ọdún 1980 rí mọ́tò àti ilé gbà lọ́wọ́ ìjọba, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n. Ọdún 1990 ni líìgì tí agbábọ́ọ̀lù ti ń gba owó gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí. Muda ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì nígbà náà.

Ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 1991 ló kú. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ló lò láyé. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ikọ̀ rẹ̀ àtijọ́ ní Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń pè ní 3SC nígbà náà, tún gba ife Áfíríkà mìíràn, CAF Cup, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ti gba ti àkọ́kọ́.