Àìná Ọnàbólú: Ọwọ́ Nìkan Ò Lè Ya Àwòrán

Ẹni tí àwa ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fẹ́ rán yín létí lóṣù yìí ni ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ti dolóògbé láti 1963, Olóyè Àìná Ọnàbólú, bàbá àwọn ayàwòrán ìgbàlódé ní Nàìjíríà.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i ní 1882. Láyé ìgbà yẹn, akọ̀wé, tíṣà àti oníwàásù ni ilé ìwé ń tọ́ jáde. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà? Àwòrán inú ìwé àti màgasíìnì òyìnbó ni Àìná ń wò, tó ń yà á tẹ̀ lé e, títí iṣẹ́ náà fi mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tó ṣe tán nílé ìwé, ó di akọ̀wé ìjọba l'Ékòó, àmọ́ kò pa búrọ́ọ̀ṣì tì. Ní 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò tíì dé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan! Àwọn òyìnbó kan sì gbà nígbà náà pé aláwọ̀ dúdú ò lè ya irú ẹ̀.

Ọwọ́ ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n yà. Kí ló tún kù tó ń wá? Ìmọ̀ ni. Ní 1920, ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí iṣẹ́ ọnà, ó sì wọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St John's Wood ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún o! Ó tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní Paris.

Ẹ má rò pé àwọ̀ pípò lásán ló lọ kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ya èèyàn kó jọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ bí egungun àti iṣan ṣe tò lábẹ́ awọ. Ẹni tó bá fẹ́ ya òpópónà gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò tó ń sọ bí nǹkan ṣe ń kéré sí i bó ṣe ń jìnnà sójú. Perspective ni wọ́n ń pe ìyẹn. Nígbà tó padà dé ní 1922, tó ń kọ́ àwọn ọmọ King's College, CMS Grammar School àti àwọn ilé ìwé míì l'Ékòó, ó tẹnu mọ́ ọn débi pé Mr Perspective làwọn ọmọ sọ ọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ju agbára ẹnì kan lọ, ó rọ ìjọba kí wọ́n wá olùkọ́ míì. Bí Kenneth Murray ṣe dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927 nìyẹn. Ọ̀nà tiwọn ò dọ́gba: Murray fẹ́ kí ọmọ wo iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa, Ọnàbólú fẹ́ kó mọ ọ̀nà tòyìnbó dáadáa. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Murray ni Ben Enwonwu ti kẹ́kọ̀ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ rèé. Inú ilé ìwé tí wọ́n ti ń kọ́ ìtàn, ìṣirò àti lítíréṣọ̀ ni Ọnàbólú fi àwòrán yíyà sí. Ó mọ̀ pé wọ́n jọ ń rìn ni. Ẹ̀yin òbí, bọ́mọ yín bá ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé, ẹ má fi na ẹgba fún un. Ìwọ ọ̀dọ́ tó ń yàwòrán náà, má torí pé ọwọ́ rẹ já fáfá kó o sá fún ìwé. Ka ìtàn, ka ewì, kọ́ ìṣirò. Ọwọ́ tí orí ò bá darí, àdàkọ ni yóò máa ṣe títí.

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ máa dá a lábàá pé kí ètò sísan owó ilé ìwé tí ẹgbẹ́ wa ń ṣe fún àwọn ọmọ gba àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà ní yunifásítì náà mọ́ra, bíi ti dókítà àti lọ́yà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbè é lẹ́yìn.

Alákòóso ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni mo jẹ́.