Ògúndé, Ọlọ́pàá Tó Fi Iṣẹ́ Ìjọba Sílẹ̀ Torí Eré

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ dúró díẹ̀ níwájú bọ́ọ̀dù yìí kí aago tó lù. Ìtàn Hubert Ògúndé ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí.

Ìdí tí mo fi yàn án rèé. Nígbà tí wọ́n ń wá àwọn tó máa ṣe eré ìparí ọdún wa, ọkùnrin mẹ́sàn-án ló forúkọ sílẹ̀, àwa obìnrin ò ju méjì lọ. Mo délé, bàbá mi ní kí n lọ yọ orúkọ mi kúrò. Wọ́n ní ọmọbìnrin tó ní WAEC níwájú kò gbọdọ̀ máa bá alárìnjó kiri. Mo sunkún gan-an. Màmá àgbà ló pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí àwọn wọ ọkọ̀ láti Ìjàrẹ́ lọ sí Àkúrẹ́ lọ wo fíìmù Ògúndé, bàbá mi yìí kan náà ni àwọn pọ̀n sẹ́yìn! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí ta ni Ògúndé.

Ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Ọ̀sọsà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni bàbá rẹ̀, àmọ́ bàbá tó bí ìyá rẹ̀ jẹ́ àwòrò ẹ̀sìn àbáláyé, Ògúndé sì gbé lọ́dọ̀ wọn fúngbà díẹ̀. Ó gbọ́ orin ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbọ́ ìlù òrìṣà, méjèèjì ló sì wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó dàgbà, ó ṣe tíṣà, ó sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1941 ó wọṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Ẹ̀bútè-Mẹ́ta l'Ékòó.

Ní 1944, ìjọ Aládùúrà tó ń lọ ń wá owó láti fi kọ́lé ìjọsìn. Wọ́n ní kó bá àwọn ṣe eré. Ó fi ìtàn ọgbà Édẹ́nì ṣe eré olórin, wọ́n sì ṣe é ní Glover Hall. Èrò ya bo ibẹ̀. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó sì dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945. Ẹ rò ó wò o: owó oṣù ìjọba kì í yẹ̀, owó eré ńkọ́? Bí òjò bá rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ eré, ebi dé nìyẹn.

Wàhálà àkọ́kọ́ ni ti obìnrin. Ògúndé ní òun máa san owó iṣẹ́ fún obìnrin tó bá bá òun ṣeré. Kò rí. Ó wá yí i padà, ó kéde nínú ìwé ìròyìn pé akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá! Nígbà tí ẹbí gbọ́ pé eré ni, wọ́n fárígá, torí wọ́n gbà pé oníṣekúṣe ni obìnrin tó bá ń jó níwájú èrò. Ohun tí Ògúndé ṣe ni pé ó ń fẹ́ wọn níyàwó, kí ẹnu aráyé lè pa mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Kí n sọ òótọ́, ibí yìí ò dùn mọ́ mi. Kò yẹ kó jẹ́ pé obìnrin gbọ́dọ̀ fẹ́ ọ̀gá kó tó rí iṣẹ́ ṣe. Síbẹ̀, àwọn obìnrin yẹn ló jẹ́ kí àwa lè forúkọ sílẹ̀ lónìí.

Wàhálà kejì ni ti ìjọba. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945, ó fi ṣe eré, wọ́n sì fòfin dè é ní Jos. Lẹ́yìn tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú ní Enugu ní 1949, ó tún fìyẹn náà ṣe eré. Ọlọ́pàá àná ló ń sọ ohun tí ọlọ́pàá ṣe! Òmìnira dé, wàhálà ò tán. Ní 1964 ó gbé Yorùbá Ronú jáde, ó ń bá àwọn olóṣèlú wa wí torí ìjà àárín ara wọn. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ògúndé ò dákẹ́, ó tún ṣe Òtítọ́ Korò. Ó di 1966, nígbà tí Fájuyì di gómìnà, kí wọ́n tó ká òfin náà kúrò.

Nígbà tí sinimá gbòde, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, àmọ́ kò ní òun ti dàgbà jù. Ó gbé Aiyé jáde ní 1979, Jáíyésimi sì tẹ̀ lé e. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tó ń bá àwọn àjẹ́ jà. Màmá àgbà ní lọ́jọ́ yẹn ní Àkúrẹ́, ariwo táwọn èèyàn pa nígbà tí àwọn àjẹ́ yọ jí bàbá mi, wọ́n sì ké títí fíìmù fi parí.

Ògúndé kú ní London lóṣù kẹrin ọdún 1990, wọ́n sì gbé e wálé wá sin sí Ọ̀sọsà.

Mo ka gbogbo èyí fún bàbá mi lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n mú káàdì èsì tẹ́ẹ̀mù yìí wá ná, tí ìṣirò mi bá ti kúrò níbi tó wà, àwọn á rò ó. Orúkọ mi ṣì wà lórí ìwé o, mi ò tíì yọ ọ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin yòókù, àyè ṣì wà.