JALAL AL-DIN RUMI: OLÙKỌ́ TÍ Ó DI AKÉWÌ

Àwọn kan gbà pé ijó àti ìlù kò yẹ ọ̀mọ̀wé. Ìtàn ìgbésí ayé Jalal al-Din Rumi, tí àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ń pè ní Mawlana, èyíinì ni Ọ̀gá Wa, ni mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn.

Ọdún 1207 ni a bí i ní agbègbè Balkh, ní àárín ilẹ̀ Éṣíà. Oníwàásù pàtàkì ni Baha al-Din, bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni Rumi nígbà tí ẹbí rẹ̀ kó kúrò níbẹ̀. Kò sì pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí ogun àwọn Mongol run Balkh. Wọ́n rìn títí, wọ́n fi tẹ̀dó sí Konya, ní ilẹ̀ tí ó di Tọ́kì lónìí. Bàbá kú ní 1231, ọmọ sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Ó mọ òfin Ìsìláàmù dunjú, akẹ́kọ̀ọ́ sì yí i ká.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1244, arìnrìn-àjò kan, Shams ará Tabriz, wọ Konya. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti pàdé, wọ́n di kòríkòsùn. Rumi pa iṣẹ́ olùkọ́ tì, ó gba orin àti ijó mọ́ra. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀; lójú tiwọn, àlejò yìí ń ba iyì ọ̀gá wọn jẹ́. Shams sá lọ sí Damascus. Sultan Walad, ọmọ Rumi, lọ bẹ̀ ẹ́ wá, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó tún pòórá. Rumi kò fojú kàn án mọ́ títí ayé.

Yorùbá gbà pé bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún Rumi. Nínú ọ̀fọ̀ yìí ni ó ti kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà ewì ní èdè Páṣíà, orúkọ Shams ni a sì fi ń pe àkójọ wọn. Lẹ́yìn náà ni Masnavi dé: Rumi ń ké e, Husam al-Din ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí ó fi di ìwé mẹ́fà. Ìtàn, ẹ̀fẹ̀ àti ìtumọ̀ Kùránì ni ó kún inú rẹ̀. Ìmọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ijó ti gbà lọ́wọ́ ọ̀gá wọn, òun náà ni ó padà jáde nínú ewì.

Rumi kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 1273. Mùsùlùmí, Kristẹni àti Júù ni wọ́n tẹ̀lé òkú rẹ̀.

Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Mevlevi sílẹ̀, àwọn tí ń jó ijó pòòyì sí fèrè àti ìlù. Fìlà gíga wọn dúró fún òkúta ojú oórì, aṣọ funfun fún aṣọ òkú, èwù dúdú fún ibojì. Bí wọ́n bá bọ́ èwù dúdú náà, ó di pé wọ́n jí dìde. Ọwọ́ ọ̀tún kọjú sókè láti gba ìbùkún, ti òsì kọjú sílẹ̀ láti fi í fún ayé. Láyé àtijọ́, ọjọ́ 1,001 ni ènìyàn fi ń sìn kí ó tó di ọmọ ẹgbẹ́ gidi. Ìjọba Tọ́kì ti ilé ẹgbẹ́ náà pa ní 1925, síbẹ̀ ijó náà kò parun.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ijó tí a fi ọjọ́ 1,001 kọ́ kì í ṣe eré ọwọ́. Kí àwa tí a ń kọ́ nípa ewì àti ìlù má ṣe tijú iṣẹ́ wa.