Sir Isaac Newton àti Ìràwọ̀ Tí Ó Hu Ìrù

Ìtàn àwọn bíṣọ́ọ̀bù àti àwọn olùkọ́ àgbà ni a sábà máa ń kọ sínú ìwé àyájọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa. Lọ́tẹ̀ yìí, a tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n láti sọ ìtàn Sir Isaac Newton. Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, òbí kan yá wa ní awò tí a fi ń wo ojú ọ̀run, èyí tí ó kúrú tí dígí inú rẹ̀ sì fẹ̀. A gbé e kalẹ̀ ní àgbàlá ilé ìdílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa díẹ̀ sì pagbo yí i ká. Iná ti lọ títí dé Mapó. A kọjú awò sí Pleiades, àwọn ìràwọ̀ tí a mẹ́nu bà nínú Ìwé Jóòbù. Èyí tí ó wà láàárín tínrín bí ojú abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà létí hu ìrù, ìrù wọn sì kọjú síta. Ọmọ kan bi wá bóyá ìràwọ̀ onírù ni wọ́n.

Ọjọ́ Kérésìmesì 1642, nínú kàlẹ́ńdà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò nígbà náà, ni a bí Newton ní Woolsthorpe. Baba rẹ̀ ti kú ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyá rẹ̀ fẹ́ àlùfáà kan, ó sì fi ọmọ sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Àwa tí a dàgbà ní agbo ilé mọ̀ pé ìyá àgbà a máa tọ́ ọmọ yanjú, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ yìí kò tètè jiná. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́langba, ìyá rẹ̀ yọ ọ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ Grantham kí ó lè máa bójú tó oko àti àgùntàn. Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Henry Stokes, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti arákùnrin ìyá rẹ̀ tí í ṣe àlùfáà ni wọ́n bẹ ìyá títí ó fi gbà kí ọmọ padà.

Ní 1661 ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Trinity ní Cambridge. Ní 1669, ní ẹni ọdún 26, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò. Lẹ́ǹsì ni àwọn awò ìgbà náà ń lò, àwọ̀ bí ti òṣùmàrè a sì máa yí ohun tí a ń wò ká. Newton ti fi gíláàsì onígun mẹ́ta tú ìmọ́lẹ̀ funfun sí àwọ̀ rẹ̀; ó wá gbà pé àbùkù lẹ́ǹsì kò ní àtúnṣe. Ó ṣìnà níbẹ̀, nítorí àwọn ẹlòmíràn so oríṣi gíláàsì méjì pọ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọ̀ náà sì dínkù. Síbẹ̀, àṣìṣe yìí ni ó bí awò rẹ̀. James Gregory ti ronú awò onídígí ní 1663, ṣùgbọ́n kò rí oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó lè ṣe é. Newton fúnra rẹ̀ po bàbà mọ́ tánganran, ó gbẹ́ ẹ, ó sì dán an. Ní 1668 ó parí awò tí ó gùn tó bí ínṣì 6, tí dígí rẹ̀ kò tó ínṣì kan ààbọ̀ ní fífẹ̀, ó sì fi rí àwọn òṣùpá Júpítà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni a gbé dé iwájú Royal Society ní oṣù Kejìlá 1671; ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́ wọn.

Àwọ̀ lọ, àbùkù mìíràn dé. Ní 1721, John Hadley gbé dígí tí a gbẹ́ dáadáa ju ti Newton lọ jáde. Ṣùgbọ́n irú dígí bẹ́ẹ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé tààrà nìkan ni ó ń kó jọ sójú kan. Èyí tí ó wọlé ní ẹ̀gbẹ́ a máa fọ́n, a sì hu ìrù. Kómà ni orúkọ rẹ̀. Bí awò bá ṣe kúrú sí fífẹ̀ dígí rẹ̀ ni ìrù ń gùn: awò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pàdé ní ìlọ́po 4 fífẹ̀ dígí ní kómà ìlọ́po 4 ti èyí tí ó pàdé ní ìlọ́po 8. Nínú àwọn ọdún 1930 ni Frank Ross ṣe ètò lẹ́ǹsì tí ó ń tú ìrù náà ká fún àwọn dígí ńlá orí òkè Mount Wilson ní Amẹ́ríkà. Irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń lo awò ń pè ní coma corrector lónìí. Ibi tí ojú tàbí kámẹ́rà ti ń wo inú awò ni a ń fi í sí. Ọ̀pọ̀ wọn ni a ṣe kí kámẹ́rà wà ní mìlímítà 55 sí i. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, ìrù a padà.

Ọ̀kan wà nínú àpótí awò tí a yá. A fi í sí i láìkọ́kọ́ tọ́ dígí méjèèjì inú awò kí wọ́n kọjú síra dáadáa, gbogbo ìrù sì yí sí apá kan. Lẹ́ǹsì yìí kò lè tún dígí tí ó wọ́ ṣe.

Newton náà ní ibi tí ó wọ́. Ìwé ńlá rẹ̀, Principia, jáde ní 1687, ọba fi í joyè Sir ní 1705, ṣùgbọ́n ó bá Robert Hooke jà títí Hooke fi kú. Nígbà tí òun àti Leibniz ń du ìṣirò, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìdájọ́ tí Royal Society gbé jáde lórúkọ ìgbìmọ̀. Àwa àlùfáà kò sì lè fi pamọ́ pé ẹni tí ó gbé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a fi Mẹ́talọ́kan sọ lórúkọ kò gba Mẹ́talọ́kan gbọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ní 1675, ọba yọ̀ǹda kí ó di ipò rẹ̀ mú láìjẹ oyè àlùfáà. Síbẹ̀ ó ka Ìwé Dáníẹ́lì àti Ìfihàn bí ẹni tí ń wá omi. Ó kú ní oṣù Kẹta 1727, a sì sin ín sí Westminster Abbey.

Ní àgbàlá wa, a yọ lẹ́ǹsì kúrò, a fi sùúrù yí àwọn ìdè ẹ̀yìn dígí títí ó fi tọ́, a sì dá lẹ́ǹsì padà. Ọmọ tí ó béèrè ni a ní kí ó kọ́kọ́ wò ó. Ìràwọ̀ etí náà ti di ojú abẹ́rẹ́. Kí ó tó kan ẹnìkejì, iná dé, gbogbo àdúgbò sì hó yèè.