Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìgbésí Ayé Ernie Ladd

Ní Èrúwà, àti jákèjádò ilẹ̀ Ìbàràpá, bí ọmọ bá mọ bọ́ọ̀lù í gbá, àwọn àgbà ilé a máa bi í léèrè ohun tí yóò máa jẹ bí ẹsẹ̀ bá kọ iṣẹ́. Ìbéèrè náà kì í ṣe ẹ̀gàn. Ó yẹ kí ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, gbọ́ ìtàn adúláwọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ó fi bọ́ọ̀lù àti ìjàkadì jẹun, tí kò sì jẹ́ kí èyíkéyìí nínú méjèèjì sọ òun di ẹrú.

Ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1938 ni a bí Ernie Ladd ní Rayville, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ìlú Orange ní Texas ni ó sì ti dàgbà. Ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Grambling, ilé ẹ̀kọ́ àwọn adúláwọ̀, níbi tí Eddie Robinson ti kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà, èyí tí a ń gbé lọ́wọ́ sáré, tí àwọn alátakò sì ń fi gbogbo ara dènà. Ladd ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínṣì 9. Ní ọdún 1961 ó wọ ẹgbẹ́ San Diego Chargers, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ líìgì AFL ti sáà 1963.

Ní ọdún 1961 yìí kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ja ìjàkadì fún owó nígbà tí sáà bọ́ọ̀lù bá parí. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé owó ìjàkadì ń ju ti bọ́ọ̀lù lọ.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1965, a pe àṣàyàn agbábọ́ọ̀lù líìgì náà sí New Orleans fún ìdíje kan. Òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ léèwọ̀ ní ilé oúnjẹ àti ilé ìtura ti jáde láti oṣù keje ọdún 1964, ṣùgbọ́n òfin inú ìwé kò tíì di ìwà ìgboro. Awakọ̀ takisí kọ̀ láti gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù dúdú. Àwọn ilé ọtí sé ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn adúláwọ̀ 21 péjọ, Ladd sì wà láàárín wọn. Wọ́n dìbò pé àwọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù ní ìlú náà. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun, Ron Mix dúró tì wọ́n. Joe Foss, olórí líìgì, kó ìdíje náà lọ sí Houston, níbi tí a ti gbá a ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Àwọn òmìrán wọ̀nyí kò lu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n odidi ìlú ńlá pàdánù.

Nígbà tí owó San Diego kò tẹ́ Ladd lọ́rùn, ó sin àdéhùn rẹ̀ dé òpin, ó sì lọ sí Houston ní ọdún 1966, lẹ́yìn náà sí Kansas City. Orúnkún dá a dúró. Ṣùgbọ́n ebi kò pa á, nítorí iṣẹ́ kejì ti wà nílẹ̀. Láti ọdún 1969 ìjàkadì nìkan ni ó gbájú mọ́, ó sì sábà máa ń ṣe ọ̀dájú ènìyàn tí èrò ń sanwó láti wá hó lé lórí. Ó fi í sílẹ̀ ní ọdún 1986. Àwọn Chargers bu ọlá fún un ní 1981, àjọ ìjàkadì WWF ní 1995. Àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa á ní oṣù kẹta ọdún 2007, ní ẹni ọdún 68.

Ní tiwa, a gbà pé ẹni tí ó ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ ni ó lè sọ pé rárá fún ọ̀gá, kí ó sì sùn. Kí olùkọ́ fi èyí kọ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Kí ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ náà sì rántí pé bí Ladd nìkan ni ó kúrò ní New Orleans ni, ìdíje ì bá ṣẹlẹ̀ láìsí i. Àwọn mọ́kànlélógún ni ó jọ dìde. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.