Samuel Johnson, Olùtúmọ̀ Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Kì í ṣe àlùfáà tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá ni a ń wí, bí kò ṣe Òyìnbó tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí a bí ní Lichfield ní ọdún 1709. Ọmọ òǹtàwé ni. Àìlówó mú un kúrò ní Oxford láìgboyè. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ kò sì pẹ́ tí ó fi tú. Ó lọ sí London ní 1737. Ní 1746 ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì. Aya rẹ̀ kú ní 1752, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró títí ìwé náà fi jáde ní 1755.

Ó mọ̀ pé ohun tí ń da àlejò láàmú nínú Gẹ̀ẹ́sì ni bí ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń bá àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké rìn. Ẹni tí ó mọ “give”, tí ó sì mọ “over”, lè má mọ̀ pé “give over” ni kí a ṣíwọ́. Ó fara balẹ̀ kó irú wọn jọ, ó sì túmọ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó fi hàn pẹ̀lú pé “die of” ni a ń wí nípa ọgbẹ́, ṣùgbọ́n “perish with” nípa ebi. Ó kú ní 1784, a sì sin ín sí Westminster Abbey.

Àwa tí a ó máa kọ́ ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀-ìṣe láìfi ẹnìkejì rẹ̀ hàn wọ́n. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.