Thomas Chippendale, Gbẹ́nàgbẹ́nà Tí Ó Fi Igi Ṣe Iṣẹ́ Òkúta

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo àga bíṣọ́ọ̀bù tàbí àpótí ìwé àtijọ́ nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìbáà ṣe ní Pedro, ní Bariga, ní Ṣómólú tàbí ní Erékùṣù Èkó, yóò ṣàkíyèsí pé igi ni wọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìrísí ilé ni ó ní. Ọwọ̀n kéékèèké a máa wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì rẹ̀. Orí rẹ̀ a máa ga sókè ní onígun mẹ́ta bí iwájú òrùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì fẹ̀ nílẹ̀ bí ìpìlẹ̀ ilé. Bí a bá bi káfíńtà tí ó kàn án, yóò ní ọ̀dọ̀ ọ̀gá òun ni òun ti kọ́ ọ, ọ̀gá náà yóò sì tọ́ka sí ọ̀gá tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń tọ irú ipa bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn kò ní pẹ́ kọjá òkun dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọkùnrin kan ti tẹ ìwé àwòrán àga àti tábìlì jáde ní ọdún 1754. Thomas Chippendale ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìtàn rẹ̀ kan àwa náà ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

Ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Otley, ní agbègbè Yorkshire, ni wọ́n ti bí i. Ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ìlú náà fi hàn pé ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 1718 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un. John ni orúkọ baba rẹ̀, Mary sì ni ìyá rẹ̀. Òun nìkan ṣoṣo ni wọ́n bí. Káfíńtà ni baba náà, ó sì dájú pé lẹ́sẹ̀ baba rẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́kọ́ mọ bí a ti ń di ayùn àti ìfági mú. Lẹ́yìn èyí, a kò tún gbúròó rẹ̀ púpọ̀ títí ó fi dé London. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1748, ó gbé Catherine Redshaw níyàwó ní ilé ìsìn St George's ní Mayfair. Ọmọ mẹ́sàn-án ni Olúwa fi ta wọ́n lọ́rẹ, ọkùnrin márùn-ún àti obìnrin mẹ́rin.

Ní àkókò náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọlọ́lá mọ òun ní London gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Chippendale kò ní baba ńlá kankan lẹ́yìn, kò sì ní owó. Ohun tí ó ní ni ọwọ́ tí ó mọ àwòrán yà. Ó ya àwọn àga, ibùsùn, tábìlì, àpótí ìwé àti férémù dígí sínú ìwé ńlá kan tí àwòrán inú rẹ̀ jẹ́ 160, ó sì pè é ní The Gentleman and Cabinet-Maker's Director. Lé ní 300 ènìyàn ni ó ti forúkọ sílẹ̀ láti rà á kí ó tó jáde. Àwọn ìjòyè wà nínú wọn, àwọn káfíńtà bíi tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀ rí: ẹni tí ó ń ta ọjà ni ó fi àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ han àwọn tí ó ń bá a du oníbàárà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó yani lẹ́nu jù ni ohun tí ó fi ṣáájú ìwé náà. Kì í ṣe àga, kì í ṣe tábìlì. Ọwọ̀n òkúta márùn-ún ni, àwọn tí àwọn ará Róòmù àti Gíríìkì àtijọ́ fi ń kọ́ tẹ́ńpìlì wọn: Tuscan, Doric, Ionic, Corinthian àti Composite. Èrò rẹ̀ ni pé káfíńtà tí kò bá mọ ìwọ̀n ọwọ̀n wọ̀nyí kò lè mọ ìwọ̀n ohunkóhun mìíràn. Bí ọwọ̀n bá ga tó báyìí, báwo ni ó ṣe yẹ kí ìdí rẹ̀ nípọn tó? Báwo ni ohun tí ó jókòó lé e lórí yóò ti wúwo tó lójú ẹni tí ń wò ó? Bí ẹ bá wo àpótí ìwé tí ó yà, ẹ ó rí tẹ́ńpìlì nínú rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúró bí ìpìlẹ̀, àárín rẹ̀ ga bí ara ilé tí ọwọ̀n pín sí wẹ́wẹ́, orí rẹ̀ sì dà bí góńgó òrùlé. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀kùn dígí rẹ̀ a máa rí bíi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, nítorí Chippendale fẹ́ràn ìlànà tí wọ́n fi kọ́ àwọn kàtídírà ayé àtijọ́, a sì máa yà á sára ẹ̀yìn àga. Ó tún mú ìlànà àwọn ará Ṣáínà àti ti àwọn ará Faransé mọ́ ọn.

Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwòrán lásán ni, pé kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó lè gbẹ́ irú rẹ̀. Ó dá wọn lóhùn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé náà pé òun ti múra tán láti fi ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ òun ṣe èyíkéyìí nínú wọn fún ẹni tí ó bá fẹ́. Ìwé náà tà débi pé wọ́n tún un tẹ̀ ní 1755, tí wọ́n sì tún fẹ̀ ẹ́ sí i ní 1762. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ẹsẹ̀ àga tí ó dà bí èékánná ẹyẹ tí ó di bọ́ọ̀lù mú, èyí tí àwọn oníṣòwò máa ń pè ní Chippendale títí di òní, kò sí nínú ìwé náà rárá.

Ní òpópónà St Martin's Lane ni ó ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí, pẹ̀lú alábàáṣe kan ará Scotland, James Rannie, ẹni tí ó mú owó wá. Ní oṣù kẹrin ọdún 1755, iná jó ilé iṣẹ́ náà, àpótí irinṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ méjìlélógún sì bá iná náà lọ. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí irinṣẹ́ jẹ́ fún káfíńtà yóò mọ̀ pé àdánù ńlá ni. Wọ́n tún un kọ́. Kì í ṣe àwọn tí ń kan igi nìkan ni wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn tí ń rán tìmùtìmù wà níbẹ̀, àwọn tí ń fi wúrà bo igi àti àwọn tí ń to dígí náà wà níbẹ̀. Chippendale fúnra rẹ̀ ti di ẹni tí ń yàwòrán, tí ń lọ bá oníbàárà, tí ó sì ń bójú tó àwọn mìíràn. Kò sí àga kan tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ sọ̀yà lónìí pé ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ. Kò fi orúkọ rẹ̀ sára wọn. Ìwé owó tí ó kọ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ni àwọn onímọ̀ fi ń dá iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀.

Igi wo ni ó fi ṣe é? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, mahogany ni, igi pupa tí ń dán, tí kòkòrò kì í tètè jẹ, tí ó sì gba ọ̀bẹ agbẹ́gilére dáadáa. Ní ọdún 1721, Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yọ owó orí kúrò lórí igi tí ń ti àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ní Amẹ́ríkà wá, láti ìgbà náà ni mahogany ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ London, pàápàá láti Jamaica. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ń gé e nínú igbó, àwọn ni ó sì ń fà á dé etí odò.

Orúkọ igi náà pàápàá ní ọ̀rọ̀ nínú. Ní àwọn ọdún 1960, onímọ̀ nípa igbó kan ará Amẹ́ríkà, F. Bruce Lamb, sọ pé èdè Yorùbá ni ó ti wá. Àwọn ẹrú tí wọ́n dé Jamaica, gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ, rí igi tí ó jọ ọ̀gánwó ilé wọn, wọ́n sì pè é ní ọ̀gánwó, òun ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ di mahogany. Ní tòótọ́, ẹbí kan náà ni igi méjèèjì. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà fún un. Ní tèmi, àlàyé náà dùn mọ́ mi létí, ṣùgbọ́n láti ọdún 1671 ni ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé tí a tẹ̀, nígbà tí àwọn Yorùbá kò tíì pọ̀ ní Jamaica, nítorí náà n kò ní gbé gbogbo ara lé e. Yálà àwa ni a sọ igi náà lórúkọ tàbí a kọ́, ọwọ́ aláwọ̀ dúdú ni ó gé e.

Ibi tí èyí ti hàn gedegbe jù lọ ni Harewood House ní Yorkshire, kò jìnnà sí Otley tí wọ́n bí Chippendale sí. Edwin Lascelles ni ó kọ́ ọ. Owó ìrèké Barbados àti àwọn erékùṣù mìíràn, pẹ̀lú owó ẹrú, ni ìdílé rẹ̀ fi di ọlọ́rọ̀. Láti ọdún 1767 ni Chippendale ti ń kó ẹrù lọ síbẹ̀, iye owó iṣẹ́ náà sì ju £10,000 lọ, iṣẹ́ tí ó tóbi jù lọ tí ó ṣe láyé rẹ̀. Ní ọdún 1773, ó gbé àpótí kan wá tí a ya àwòrán òrìṣà Diana àti Minerva sí lára pẹ̀lú igi oríṣiríṣi àwọ̀ tí a tò pọ̀. £86 ni owó rẹ̀. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ kà á sí ọ̀kan lára ohun tí ó dára jù lọ tí káfíńtà Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní àwọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1830, Ìjọba san owó gbà-má-bínú fún ìdílé Lascelles, lé ní £26,000, nítorí ẹrú 1,277. Àwọn ẹrú náà kò gba kọ́bọ̀.

Ó yẹ kí a rántí níbí pé Àjàyí Crowther, tí wọ́n mú lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ ní 1822, kọ́ iṣẹ́ káfíńtà ní Sierra Leone kí ó tó di àlùfáà. Ọkọ ọmọ rẹ̀, Thomas Babington Macaulay, ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní 1859, ilé ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Bariga, nítòsí Pedro, láti 1959.

Ẹ má ṣe rò pé owó àwọn ọlọ́lá wọ̀nyí sọ Chippendale di olówó. Àwìn ni àwọn ẹni ńlá fi ń rajà. Wọn a gba ẹrù, wọn a jókòó lórí àga náà fún ọdún púpọ̀, káfíńtà a sì máa kọ̀wé ẹ̀bẹ̀. Sir Rowland Winn ti Nostell Priory ni ó mú ìyà bá a jù. Winn a máa bínú pé iṣẹ́ pẹ́, kò sì ní san owó èyí tí ó ti dé. Chippendale ń bẹ̀ ẹ́ nínú lẹ́tà rẹ̀, nítorí owó àwọn òṣìṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Rannie kú ní 1766, wọ́n ní láti ta ọ̀pọ̀ ọjà àti igi kí wọ́n tó lè san ohun tí ó tọ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀. Ní 1769, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbẹ́sẹ̀ lé 60 àga tí a kò tíì parí tí Chippendale kó wọlé láti Faransé, nítorí pé iye tí ó pè wọ́n kéré sí iye wọn gan-an. Kò yẹ kí a fi èyí pamọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Ní 1771, Thomas Haig, tí ó ti jẹ́ akọ̀wé fún Rannie, di alábàáṣe rẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ náà kò fi wó.

Catherine kú ní 1772. Ní 1777, Chippendale fẹ́ Elizabeth Davis. Ní àkókò yìí, ọmọ rẹ̀ tí òun náà ń jẹ́ Thomas ti ń darí ilé iṣẹ́ náà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ó pa baba ní oṣù kọkànlá ọdún 1779, wọ́n sì sin ín ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù náà ní ilẹ̀ ìsìnkú St Martin-in-the-Fields, ṣọ́ọ̀ṣì tí iwájú rẹ̀ ní ọwọ̀n gàgàrà mẹ́fà pẹ̀lú orí onígun mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí èyí tí ó ń fi igi ṣe. Wọ́n ti kọ́ ilé àwòrán ńlá ti ìlú London, National Gallery, lé ilẹ̀ náà lórí láti ìgbà náà, kò sì sí ẹni tí ó lè tọ́ka sí ibojì rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ wọ gbèsè ní 1804, ó sì kúrò ní St Martin's Lane ní 1813.

Ní ọdún 2007, àwọn àga àti àpótí tí Chippendale kó lọ sí Dumfries House ní Scotland láti ọdún 1759 fẹ́ bọ́ sí ọjà gbàǹjo. Ọba Charles, tí ó jẹ́ ọmọ ọba nígbà náà, kó àwọn ènìyàn jọ, wọ́n sì fi £45 mílíọ̀nù ra ilé náà pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fi máa yanjú, wọ́n ti di àwọn ẹrù kan sínú ọkọ̀, wọ́n sì ti ń lọ sí London. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti dá àwọn ọkọ̀ náà padà.